Ìpín Ilé Aláró

Mo rántí ìgbà tí a fẹ́ la ọ̀nà mọ́tò láti abà wa dé títì Ìdèrè, nítorí òórùn igbó tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán kò kúrò ní imú mi títí dòní. Tíṣà ni mí nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rò pé bí òun bá ti wọ bàtà, ilẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ìyàwó mi wà nínú oyún. Nígbà oyún tó ṣáájú rẹ̀, orí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé ni àwọn ọkùnrin gbé e lé, tí wọ́n ń sáré gba ipa ẹsẹ̀ inú igbó lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà. Ojú ọ̀nà ni ọmọ náà ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn àgbà wá ní a kò ní dúró de ìjọba mọ́, pé kí a fi ọwọ́ ara wa la ọ̀nà kí òjò tó dé, kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù mí lọ.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n bẹ̀. Wọ́n ní kí èmi tí mo mọ̀wé pín ọ̀nà náà fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa pe àwọn ilé láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe ilé kan, àgbà ilé náà á dáhùn pé, “A ti dé.” Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, Èrúwà ni mo ti wá. Mo ṣáà máa ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ pé àwọn gba ẹ̀yìn Ilé Aláró lọ sódò, mo rò pé ilé bí ilé ni. N kò bèèrè. Mo fún wọn ní ìpín tiwọn, níbi tí igbó ti dí jù.

Ní àárọ̀ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo ń pe ilé, wọ́n ń jẹ́. Mo pe Ilé Aláró. Ọkùnrin kan tó ń pọ́n àdá dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe, ohùn kan ti inú igbó dídí náà jáde, ohùn àgbà tí kò ga, tí kò sì kánjú: “A ti dé.”

Mo tilẹ̀ kí wọn kú iṣẹ́, mo pe ilé tó kàn. Kò sẹ́ni tó jẹ́.

Baálẹ̀ fà mí sẹ́yìn igi. “Tíṣà, ta ló ní kí o pè wọ́n?”

Mo ní ṣé wọn kì í ṣe ará abà ni. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó fọwọ́ gbá iná mú. Ó ní àrùn ilẹ̀ gbígbóná ló run ilé náà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kò ṣẹ́ ku ẹnì kan; ìkòkò aró wọn nìkan ló wà nínú igbó. Mo ní kí a yáa pín iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn. Ó mi orí.

“O ti pè wọ́n sí ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ti jẹ́. A kì í pe èèyàn sí ọ̀wẹ̀ ká tún gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Aláwàdà kan láàárín wọn ní, “Tíṣà tó bẹ òkú lọ́wẹ̀, ta ni yóò bọ́ wọn?” Ìyàwó mi ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ti ń bu oúnjẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó bu tiwọn, ó gbé e sí etí igbó, ó kúnlẹ̀ tòun ti ikùn ńlá, ó kí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ a bá igbá náà níbẹ̀, ó ti mọ́ fínnífínní, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ìpín gbogbo ilé ń mọ́, ó ku tiwọn láàárín, ó dúdú, ó dí ọ̀nà pa. Òjò ń ṣú. Oṣù ìyàwó mi ń pé lọ, mo sì ń wo igbó yẹn bí ẹni ń wo ọ̀tá. Àfi bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀, tí a jí, tí a bá ìpín náà ní mímọ́. Kò sí èérún igi kan nílẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Ilẹ̀ náà ṣú bí omi aró. Mo fura sí àwọn ọ̀dọ́ abà, pé bóyá wọ́n ṣàánú mi ni. Oníkálukú búra pé òun kò jẹ́ débẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú ìyàwó mi. Ọkọ̀ kan tó wá kó gbágùúdá la gbé e sí. Bí a ti dé ìpín Ilé Aláró, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ò rí i pé wọ́n ń kí wa ni?”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, igi lásán. Mo bi í pé kí ni wọ́n wí.

“Wọ́n ní ẹ kú ewu ọmọ.”

Ta ní í kí ẹni tó ṣì ń rọbí bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí ewu bá kọjá tán là ń sọ ọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọbìnrin wa ti ń ké ní Ìgbó-Ọrà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ láti ojúlé dé ojúlé. N kò mọ ilẹ̀kùn tí n ó kàn fún Ilé Aláró.

Mo ti darúgbó báyìí. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré lórí ọ̀nà náà, wọn kò mọ ẹni tó là á. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tó pọ̀, mo ti rí ibi tí a ti pe alààyè tí kò jẹ́. Ìyàwó mi, títí ó fi jáde láyé, kò kọjá níbẹ̀ kó má rọra dáhùn pé, “Ewu iná kì í pa àwòdì.” Èmi ni mò ń dáhùn báyìí. Ọmọ wa ló ń wa ọkọ̀, kò sì bi mí rí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣá, ó dẹ ìrìn ọkọ̀ níbẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ máa kí wọn dáadáa, wọ́n pọ̀.”

N kò bi í bó ṣe mọ̀.