Ó Ń Sé Èémí Ni

Ìgò ẹ̀pà kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Tẹ́lọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi ní ọjà Aládé kì í rà á, tẹ́tẹ́ ló máa ń bá mi ta.

"Ìyá Ẹlẹ́pà, tí ẹ bá di ìgò yìí kún tí mi ò tíì mí, ẹ ó san igba náírà."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Màá ní, "Ìyàwó ẹ ń bọ̀ o!" Á bú sẹ́rìn-ín. Kò jẹ owó yẹn rí.

Òjò wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lù ú. Àwọn adóòlà ẹ̀mí gbé rédà wá, ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ àwókù bá ṣì ń mí. Wọ́n ní kò mí.

"Irọ́ ni, ó ń sé èémí ni!" Mo pariwo sí àwókù náà: "Ìyàwó ẹ ń bọ̀ o!"

Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, mo ki owó rẹ̀ bọ̀ ọ́ lápò: igba náírà.