Kíkí Nínú Ilé Ìkàwé

Mo ti dàgbà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ gíga l'Ọ́wọ̀. Ìwé tí a ó fi múra ìdánwò, ẹyọ kan péré ló wà nílé ìkàwé, wọn kì í sì í yá a jáde. Bí mo bá ti wọlé, àwọn ọmọ kíláàsì mi á dìde láti kí mi.

“Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jáde,” ni obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wí. “Ariwo yín pọ̀.”

“Mi ò sọ̀rọ̀.”

“Wọ́n ń kí yín.”

A kì í jí àgbà láti kí i. Lọ́jọ́ kejì mo tètè dé, mo dorí kọ tábìlì bí ẹni ń sùn, mo ṣí ìwé náà sábẹ́ ojú mi. Wọ́n rọra kọjá.

“Bàbá ti sùn,” ni ọ̀kan sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Wọ́n máa fẹ́lì o.”

Mo ṣí ojú ewé tó kàn.