Àpótí Mẹ́fà Tí Mùjíbátù Fi Orí Rù Wálé

Ní àdúgbò wa ní Akanran, onísùúrù ni gbogbo ènìyàn ń pe Mùjíbátù. Ẹgbẹ́ ni wá, ògiri kan ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi, nítorí náà mo lè sọ pé kì í ṣe sùúrù. Agídí ni. Tó bá ti pinnu pé òun kò ní sọ nǹkan kan, ẹ lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní la ẹnu.

Ẹkùrọ́ ló ń tà. Yóò rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, yóò pa á, yóò sì tà á fún àwọn tó ń ṣe àdín. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, inú agbọ̀n ni aṣọ rẹ̀ wà, eku sì ń jẹ ẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ló fẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká a. Sànúsí ọkọ rẹ̀ ní kó dúró di ìgbà tí kòkó bá ṣe dáadáa. Kòkó kò ṣe dáadáa. Ló bá tọ Láyí káfíńtà lọ.

Láyí ní, "Má wulẹ̀ ra kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Màá kan àpótí kan fún ọ, igi apá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Màá lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ àti orí rẹ̀. Tí o bá tún rówó, màá kan òmíràn tí ihò rẹ̀ bá ti èyí mu, a ó sì fi bóòtù irin dè wọ́n pọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà ẹkùrọ́ kan, àpótí kan. Ìgbà mìíràn, kò sí rárá. Apá kì í ṣe igi tó fúyẹ́. Ẹ̀yìn ọjà ni ṣọ́ọ̀bù Láyí wà, kò sì sí ọ̀kan nínú àpótí náà tí Mùjíbátù kò fi orí rù wálé, pẹ̀lú òṣùká lábẹ́ rẹ̀, ọmọ kan lẹ́yìn, òmíràn dì mọ́ ìró rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́fà, wọ́n ga ju Sànúsí lọ.

Nígbà tí wọ́n kó lọ sí ilé tiwọn, ẹnu ọ̀nà kéré. Ó tú bóòtù, ó kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún dè wọ́n. Ọdún tí òjò ya ògiri yàrá, ó tú wọn, ó kó wọn sọ́dọ̀ mi. Ikán jẹ àjà ilé náà tán, kò rí àpótí wọ̀nyẹn jẹ. Àwọn ọmọ tó ń sá pamọ́ sínú wọn nígbà náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ, ilẹ̀kùn wọn ṣì ń pa dé dáadáa.

Sànúsí kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin méjì ló fi sílẹ̀, Bàṣírù àti Roheem, àti obìnrin méjì, Rùqáyyàh àti Sàmíátù. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ogún, àlùfáà, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, bi opó léèrè níwájú gbogbo wa pé, "Ìyá, kí ló jẹ́ tiyín nínú ilé yìí, ká yọ ọ́ sọ́tọ̀?"

Mùjíbátù wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàṣírù ń wo fóònù. Mo fẹ́ la ẹnu, Mùjíbátù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa pín in lọ."

Wọ́n ti fi owó san ìdá kan nínú mẹ́jọ tó jẹ́ ti opó, nítorí náà kọ́bọ́ọ̀dù náà rọrùn láti pín. Àwọn ọkùnrin gba méjì méjì, àwọn obìnrin gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò tilẹ̀ fi ayùn kàn án. Bàṣírù ní bàbá àwọn gbọ́n tó ra irú rẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi.

Nígbà tí èrò túká, mo bi Mùjíbátù pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á dá a padà nítorí ojú àlùfáà. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan nínú wọn rí mi nígbà tí mò ń ṣe é." Ó kó àwọn bóòtù sínú agolo mílíìkì, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ rẹ̀ padà sínú agbọ̀n.

Iléyá kan kọjá, òmíràn kọjá. Àwọn ọmọ ń gbé ẹran wá, wọ́n ń rí agbọ̀n náà, wọn kò bi í.

Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá ya wọ yàrá Roheem ní Adegbayi. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan tó ń dán, irú èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù ṣe. Ó wú bí búrẹ́dì inú tíì, ó sì wó lulẹ̀ tòun taṣọ. Inú omi kan náà ni àpótí méjì tó jogún wà. Ó fà wọ́n síta, ó sá wọn sóòrùn, ilẹ̀kùn wọn sì pa dé. Nígbà tó fẹ́ kó wọn wọlé padà, ó gbé ọ̀kan lé orí, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà. Ibẹ̀ ló ti rántí.

Mo wà níta, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tó dé. Láti gáréèjì ló ti fi orí ru àpótí kan, òógùn bò ó. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe ti bàbá wa. Orí yín ni mo ti rí i. Èmi ni mo di ìró yín mú, tí mò ń sunkún pé kí ẹ gbé mi, ẹ ò sì lè gbé mi nítorí ohun tó wà lórí yín."

Mùjíbátù jókòó sórí àpótí náà, ó bú sẹ́kún. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí Sànúsí kú.

Roheem padà lọ gbé èkejì, ó sọ fún àwọn yòókù, wọ́n sì kó tiwọn wá. Bàṣírù ló dé kẹ́yìn, ojú ń tì í. Adìẹ ló ń yé sínú ọ̀kan nínú tirẹ̀. A fọ̀ ọ́. Mùjíbátù gbé agolo bóòtù fún un pé kó máa dè wọ́n. Gbogbo bóòtù wọ ihò wọn láìjà.

Rùqáyyàh fẹ́ dá ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, tó bá wá di pé a tún fẹ́ pín in ńkọ́?"

Mùjíbátù gba sípánà lọ́wọ́ Bàṣírù, ó fún bóòtù tó kẹ́yìn le fúnra rẹ̀. "Ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ," ló wí, "yóò kọ́kọ́ fi orí rù ú láti ṣọ́ọ̀bù Láyí wá síbí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wa mọ̀ pé kò ṣeré.