Ìyá Tó Ń Fọ Ẹsẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Omi gbígbóná ń rú èéfín nínú abọ́ ike, Màmá sì ti ká apá aṣọ wọn sókè dé ìgúnpá. Wọ́n ki ọwọ́ bọ omi náà wò, wọ́n bu tútù díẹ̀ lé e, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ òsì obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo dúró tì wọ́n, mo di tówẹ̀lì mú. Òórùn ọṣẹ dúdú àti àdín dàpọ̀ mọ́ ti oògùn tí wọ́n fi nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n òórùn kan tún wà tí kò sí èyí tó borí rẹ̀ nínú wọn. Inú báńdéèjì ẹsẹ̀ ọ̀tún obìnrin náà ló ti ń wá.

Ilé tó kọjú sí tiwa ní Àkúrẹ́ ni Màmá ń gbé. Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Ìjọ kan náà là ń lọ. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n máa ń kó àwa ọ̀dọ́ ìjọ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ọsibítù. Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ. Ìyá mi ló ní kí n máa lọ, torí n kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, bóyá ìyẹn á là mí lẹ́nu. Kò là mí lẹ́nu.

Òfin kan ni Màmá ní fún wa: ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ gbàdúrà fún aláìsàn láì kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan fún un. Fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, gé èékánná rẹ̀, di irun rẹ̀, tàbí kí o lọ pọn omi wá. Lẹ́yìn náà ni kí o bi í bóyá ó fẹ́ àdúrà. Lójú mi, òfin náà le jù, títí di ìgbà tí bùrọ̀dá kan nínú wa rú u. Bí ó ṣe dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn pariwo pé kí ẹ̀mí ikú jáde níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló ní mo fẹ́ kú?" ni ìyá náà bi í. "Orúnkún ló ń dùn mí. Àbí dókítà ló rán ẹ?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ohun ìgé-èékánná lé bùrọ̀dá lọ́wọ́.

"Ọ̀dọ̀ wọn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ kú, wọ́n á sọ fún ẹ."

Obìnrin tí mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yìí, aránṣọ ni láti Oǹdó. Àrùn ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn gé e nísàlẹ̀ orúnkún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò pa á. Ó kọ̀. Ní ilé àdúrà tó ń lọ, wọ́n ti sọ fún un pé Ọlọ́run yóò wò ó sàn, pé bó bá jẹ́ kí wọ́n gé e, kò nígbàgbọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Màmá ń fọ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà lé ọ̀tún lórí nígbà tó bá bẹ̀ wọ́n. Wọn kò sọ pé kó gbà, wọn kò sì sọ pé kó má gbà.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, obìnrin náà béèrè láìgbójú sókè: "Màmá, ṣé ẹ gbà pé Ọlọ́run lè wò mí sàn?"

"Mo gbà."

"Ṣé ẹ wá rí i pé ó ń sàn?"

Màmá dá ọwọ́ dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì kan fún un ni. Bóyá obìnrin náà pàápàá rò bẹ́ẹ̀, torí ó ti di ojú.

"Rárá," ni Màmá wí. "Láti ìgbà tí mo ti ń gbàdúrà lé e lórí ni mo ti ń gbóòórùn rẹ̀, ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ọlọ́run lè ṣe é. Kò tíì ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún ẹ kí o lè fẹ́ràn mi."

"Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, Màmá. Ẹ̀yin ní méjì."

"Òótọ́ ni. Mi ò mọ̀."

Obìnrin náà yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi, ó kọjú sí ògiri. A kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Màmá da omi nù, wọ́n nu ilẹ̀ tó tutù, a sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Nígbà tí a padà dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Mi ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ọ̀rọ̀ Màmá ló yí i lọ́kàn padà. Ó lè jẹ́ ìrora. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìjọ ní kí Màmá jáde wá jẹ́rìí pé Ọlọ́run tipasẹ̀ wọn gba ẹ̀mí obìnrin náà là, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀.

"Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló lọ," ni wọ́n wí. "Kí ni kí n wá máa jó sí?"

Dípò ìyẹn, wọ́n mú mi dání lọ sí Oǹdó. A bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ fara ti ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó wò wá títí a fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ṣì ń bínú sí yín o, Màmá."

"Máa bínú. Jẹ́ kí n ṣáà rí ibi jókòó sí."

Màmá fa àpótí kan, wọ́n jókòó, wọ́n ti ọwọ́ bọ inú àtẹ náà. Àwọn méjèèjì ṣa ẹ̀wà títí tó fi tán. Wọ́n sọ̀rọ̀ iye tí epo wà lọ́jà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀. Obìnrin náà kò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dìde, ó ní, "Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?"

Màmá ti di olóògbé báyìí. Èmi ti jáde yunifásítì, àwa ọ̀dọ́ ìjọ wa sì máa ń lọ ṣe ìbẹ̀wò ní Ìjù àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Mi ò tíì di ẹlẹ́nu púpọ̀. Bí mo bá jókòó ti aláìsàn tí òótọ́ kan sì fẹ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, mo kọ́kọ́ máa ń bi ara mi pé: bí ọ̀rọ̀ yìí bá dùn ún, tó sì kọjú sí ògiri, ṣé mo ṣe tán láti padà wá bá a? Bí mi ò bá ṣe tán, mo máa ń dákẹ́.