Ìkòkò Mẹ́rin Lẹ́yìn Ilé Ìdáná Mi

Ọjọ́ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń wá ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ní Ajah kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Làmídì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló pè wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń pè wá ní àlejò, ó sì fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ wa kúrò nínú ìwé àwọn onílẹ̀ kí àwọn tó ń kọ́ ẹ́sítéètì tó dé wá sanwó ilẹ̀.

"Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa," ló ń wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Yanrìn nìkan lẹ máa bá. Títì ọlọ́dà ló gbé wọn dé."

Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìkòkò kékeré kan yọ. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, títí ó fi pé mẹ́rin. Ìkòkò Ìjẹ̀bú ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwo funfun àwọn òyìnbó oníṣòwò ayé àtijọ́ ni wọ́n fi dé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Màmá, kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?" ni ọmọbìnrin kan lára wọn bi mí.

"Ibi ọmọ ni wọ́n ń sin sínú rẹ̀. A kì í sì í sin ín sílé onílé."

Làmídì ní, "Ó lè jẹ́ tiwa."

"Tìrẹ kọ́. Mo rántí ọjọ́ tí ìyá rẹ pọ̀n ọ́ dé láti Ẹ̀pẹ́."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Orúkọ wa ṣì wà nínú ìwé náà. Làmídì ń kí mi láràárọ̀ báyìí. Mo máa ń jẹ́ kó kí mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn.