Òkúta Òkú Ogun tí Mo Fín Orúkọ Alààyè Sí

Eruku mábù ni mò ń jẹ mọ́ ẹ̀bà ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Rumuigbo, ní Port Harcourt. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ara èmi náà sì ń yá gágá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa fín orúkọ sára òkúta tí wọ́n ń gbé sórí sàréè. Mo gbà pé láti Woji títí dé Rumuodara, kò sẹ́ni tó mọ òòlù lò bí èmi. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o; èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, mo sì gba ara mi gbọ́.

Nígbà náà ni ìlú kékeré kan lẹ́yìn Rumuodara ní àwọn fẹ́ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn tó kú nínú ogun abẹ́lé. Ó ti tó bí ọgbọ̀n ọdún tí ogun ti parí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá. Ìgbìmọ̀ kẹ̀! Odindi oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jókòó sí gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò ṣí aṣọ lójú òkúta. Gbogbo ìpàdé ni wọ́n ń pa ewúrẹ́, ẹni tí kò bá sì kọ orúkọ sílẹ̀ kò ní fẹnu kan ẹran. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Àwọn tiwa yìí ò tilẹ̀ ráyè ẹkún, ògógóró ni wọ́n ń mu.

Akọ̀wé wọn ló mú ìwé orúkọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n yára. Orúkọ méjìlá ni. Mo rí "Olóyè" níwájú mẹ́ta, mo rí "Enjiníà" níwájú ọ̀kan. Ọkàn mi ní kí n béèrè, torí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìgbéraga ní kí n dákẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé Yorùbá tí kò gbọ́ Ikwerre kò mọ orúkọ kà. Mo ní ogun ò kúkú mọ olóyè, mo bá gbé òòlù.

Ìyá àgbà kan láti ìlú náà máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ogun gbé lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ sin. Kò sí sàréè kankan tí ìyá yìí lè dúró tì kó bá a sọ̀rọ̀, òkúta yìí nìkan ló ń retí. Kò mọ̀wé. Á pe orúkọ àbúrò rẹ̀ sí mi létí, á ní, "My pikin, im name dey inside?" Èmi tí mi ò wo ìwé, tí mi ò dá òòlù dúró, màá ní, "E dey, Mama. Na im be number one."

Á wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́, á máa fi Ikwerre bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kí ọmọ tó ti ìrìn àjò dé. Inú mi á sì dùn. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe!

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú òkúta pé. Gbogbo ìgbìmọ̀ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ikùn níwájú, fìlà lókè. Bí alága ṣe fa aṣọ kúrò, ìyá àgbà ti dé iwájú, ó gbé ọwọ́ lé ìlà àkọ́kọ́, ó bú sẹ́kún. Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wo ohun tó ń fọwọ́ pa. Orúkọ òun alága ni! Toyètoyè, lábẹ́ "Àwọn Tó Kú Fún Wa". Àwọn yòókù sáré wá, oníkálukú sì bá tirẹ̀ níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ń pín ẹran ni akọ̀wé gbé fún mi.

"I no die o! I no die!" Alága ń ké, Enjiníà ń pe pásítọ̀. Yẹ̀yẹ́ gbáà! Ìyá àgbà nìkan ni kò pariwo. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Which one be my brother?" Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a.

Wọ́n fọ́ òkúta náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kálukú ń rí i pé orúkọ tòun fọ́ dáadáa. Mo ní kí akọ̀wé fún mi ní ìwé àwọn òkú gangan, kí n fín òmíràn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó ní, "Which list? Nobody write am." Nínú oṣù mẹ́rin! Mo pinnu láti fín ti àbúrò ìyá àgbà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú ní kí n sinmi ná. Ìgbà tí mo fi máa dé ilé rẹ̀, wọ́n ti sin ín.

Mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Mo gbọ́ pé alága náà ti kú, pé mábù orí sàréè rẹ̀ fẹ̀ tó yàrá. Mo bú ìgbìmọ̀ náà títí, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ka orúkọ àwọn méjèèjìlá fún yín láìṣì í pè. Èyí tí ìyá àgbà ń pè sí mi létí lọ́jọọjọ́ ọjà, mi ò rántí rẹ̀.