Èmi Ni Mo Fi Bíléèdì Gé Ìwé Náà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìgàndó láyé ìgbà SAP tí nǹkan le koko nílùú, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ṣe ẹ̀rín níbi ìkómọ kan. Ó ní ṣé wọ́n rí Àǹtí Rẹ̀mí yìí, òun ló fi bíléèdì gé ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí wẹ́wẹ́ láyé ijọ́sí. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá. Wọn ò jẹ́ sọ ìyókù!

Ó dáa. Èmi fúnra mi á sọ ọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NCE nígbà náà, mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú yàrá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ò sí. Mo ti kọ lẹ́tà títí ó fi sú mi. Ní àdúgbò wa, "tíṣà tí kò ní kíláàsì" ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo ń gbọ́ o! Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Nígbà tí ilé ìwé gba holidé gígùn, àwọn ọmọ mẹ́rin kan wá bá mi: Káyọ̀dé, Bọ́lá, Ìdòwú àti Múní. Ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì kan náà ni wọ́n ń lọ, SS One ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀ ti fún wọn ní iṣẹ́ holidé. Kí wọ́n ka ìwé ìtàn òyìnbó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí oníkálukú fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un wá lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá wọlé. Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní wọ SS Two.

Ẹ wò ó, mi ò bá tíṣà jà lórí ìyẹn. Iṣẹ́ gidi ni. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ìwé wo ni kí wọ́n kà? Láíbìrì ilé ìwé wọn, àga tó ti dá lẹ́sẹ̀ ló kún ibẹ̀. Owó ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù ti kọjá agbára àwọn òbí wọn. Àwọn ọmọ yìí fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Ìyànà Ìpájà, wọ́n tún dé Abúlé Ẹ̀gbá, ọwọ́ òfo ni wọ́n mú bọ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àdúgbò wa, tèmi ni, èyí tí mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Múní. Múnírátù ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ààwẹ̀ ọdún náà ku díẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìyá ti kú ni Múní ti ń dáná, tó ń fọṣọ, tó ń wẹ àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣé èsì ìdánwò ò wá ní já wálẹ̀ báyìí? Ni bàbá bá sọ pé bí Múní bá fi lè pàdánù SS Two, òun ò ní agbára láti san owó kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò lọ kọ́ṣẹ́ irun lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure. Iṣẹ́ irun ò burú o! Onídìrí ló ń dirun èmi náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò fẹ́ ẹ, ìwé ló wù ú.

Lákọ̀ọ́kọ́, a gbìyànjú kí gbogbo wọn jọ máa ka ẹ̀dà kan yẹn lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Orí ń kọ lu orí. Káyọ̀dé ti fẹ́ ṣí ojú ìwé, Ìdòwú ò tíì dé àárín rẹ̀. Ìjà lónìí, ìjà lọ́la. Òjò ń rọ̀, holidé ń lọ, wọn ò sì kúrò lójú kan. Bí mo bá sì ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn níkọ̀ọ̀kan, ilé ìwé á ti wọlé kó tó kan ẹnì kẹta.

Ni mo bá mú bíléèdì. Mo la ẹ̀yìn ìwé náà, mo pín in sí mẹ́rin, mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bébà kàlẹ́ńdà ṣe èèpo fún un. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta! Ó ní ta ló ń ya ìwé láyé yìí. Ìyá onílé gbọ́ ariwo, ó jáde, ó ní ẹni tí kò tíì bímọ kò gbọdọ̀ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà bàsèjẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìwé mi ni." Ọ̀rọ̀ tán.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Oníkálukú ń ka apá tirẹ̀ ní àkàtúnkà títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, a ó péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó kàn á sọ apá tirẹ̀ fún àwọn yòókù ní Yorùbá, wọ́n á sì máa da ìbéèrè bò ó. Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn yòókù dáhùn, "Ààlọ̀!" Bó ṣe di bárakú nìyẹn, kódà wọ́n ń fi orin sí i. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú á lọ sílé lọ fi òyìnbó kọ gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé mi ò ní yẹ ohun tí wọ́n kọ wò. Bí mo bá fi báírò tèmi kàn án, ṣé iṣẹ́ wọn náà ni yóò tún jẹ́? Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì tíì rí ìdí tó fi yẹ kí n kábàámọ̀.

Ìtàn ìdílé apẹja kan létí òkun ló wà nínú ìwé náà. Bàbá ń lọ sójú omi, ìyá ń yan ẹja tà. Apá kẹta ló bọ́ sọ́wọ́ Múní. Ọjọ́ tó sọ tirẹ̀, mi ò sí nílé, mo lọ wáṣẹ́ ní Aláùsá. Nígbà tí mo dé, wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́. Bọ́lá ní ti Múní dùn ju ti gbogbo àwọn lọ, wọ́n sì kọ́ mi ní orin tí Múní fi sí i. Inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín Múní láti ìgbà ààwẹ̀.

Ilé ìwé wọlé. Kò pẹ́ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wá bá mi, mẹ́ta ń sunkún. Tíṣà ti fún gbogbo wọn ní òdo! Ó ní wọ́n jíwèé ara wọn wò, wọn ò sì ka ìwé kankan, SS One ni wọ́n ń padà sí. Múní nìkan ni kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo wé gèlè, mo kó ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì, ó di ilé ìwé wọn. Ṣé kí n lọ máa bẹ̀ ẹ́ ni? Láéláé!

Ọkùnrin tí kò jù mí lọ púpọ̀ ni tíṣà náà, ó de táì mọ́rùn. Ó ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ náà wá sí yàrá àwọn tíṣà, ó sì kó ohun tí wọ́n kọ síwájú mi. Ó ní nínú ìwé ìtàn yẹn, àìsàn ṣe ìyá àwọn ọmọ apẹja, ó sì kú. Kí ló wá dé tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kọ ọ́ pé ìyá lọ sinmi nílùú àwọn òbí rẹ̀, tó sì ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sílé? Ó ní irọ́ kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́rin, bí kì í bá ṣe ìjíwèéwò, kí n sọ orúkọ tó ń jẹ́.

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Apá kẹta, ti Múní, ni ìyá náà kú sí, apá kẹrin kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo bojú wo Múní. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sórí tábìlì. Tíṣà fò sókè, ó ní ta ló ya ìwé yìí. Mo ní èmi ni, ìwé mi sì ni. Mo bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí ọmọ mẹ́rin ti rí ìwé mẹ́rin. Ó ní ìyẹn kan àwọn òbí wọn. Mo ní ó dáa, kó jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn náà lójú ara rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n òyìnbó ni kí wọ́n fi sọ ọ́, torí èèwọ̀ ni kí ọmọ sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ìwé. Mo ní òyìnbó tí wọ́n kọ ti wà níwájú rẹ̀. Bó bá ṣe pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n kàwé lóòótọ́, kó jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá, èdè tí kò ní kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, sọ ọ́.

Mo tún fi kún un pé, "Àbí Ìjẹ̀bú kọ́ ni mo gbọ́ tí ẹ fi ń bú ọmọ kan níta lẹ́ẹ̀kan, sà?" Àwọn tíṣà tó kù rẹ́rìn-ín. Òun ò rín in, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ jáde, ó sì jókòó.

Káyọ̀dé sọ tirẹ̀. Bọ́lá sọ tirẹ̀. Tíṣà ń ṣí ojú ìwé tẹ̀ lé wọn, kò rí ibi tó fẹ́ dì mú. Ó wá kan Múní. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: èéfín ilé ìdáná, ikọ́, àgbo tí wọ́n sè, ohun tí ìyá sọ fún àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí afẹ́fẹ́ líle ti ń jà, ó dákẹ́.

Tíṣà ní, "Ẹ̀hẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Múní tún wo ilẹ̀. Tíṣà yíjú sí mi pé ṣé mo ti rí i báyìí, kò ka ibẹ̀.

"Mo kà á, sà," Múní dáhùn. "Ó kú. Bàbá wọn ò tíì ti orí omi dé. Wọ́n fi aṣọ búlúù bò ó, àbúrò wọn kékeré sì ń bèèrè oúnjẹ."

Tíṣà wo inú ìwé rẹ̀, ó pa á dé. Ó béèrè pé kí ló dé tó fi wá parọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ ni, sà."

Bọ́lá bú sẹ́kún. Èmi náà, omi dà lójú mi, mo sì sọ fún tíṣà pé ọmọ náà sin ìyá rẹ̀ lọ́dún yìí. Lẹ́yìn náà, tíṣà ti bébà kan sí Múní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní kó tún apá kẹta yẹn kọ bó ṣe wà nínú ìwé, òun á sì fún un ní máàkì tó tọ́ sí i. Mo ti la ẹnu láti dúpẹ́.

Múní kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Rárá, sà."

Háà! Akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà, láyé tí pàṣán wà lórí gbogbo tábìlì! Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ pé kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè èyíkéyìí nínú ìwé náà, kí wọ́n fi òyìnbó bi òun, òun á dáhùn. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n na òun. Ṣùgbọ́n èyí tí òun kọ yẹn, kí wọ́n jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n bá a wí, àbí? Gbogbo àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀ ló ń wò mí pé kí n bá a wí. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ, sà."

Tíṣà bi í ní ìbéèrè, ó bi í títí. Múní dáhùn gbogbo rẹ̀, ní òyìnbó. Níkẹyìn, tíṣà mú báírò pupa, ó fa igi lé àwọn òdo náà, ó fún àwọn mẹ́ta yòókù ní máàkì tó dára. Ti Múní, èyí tó kàn lè gbé e wọ SS Two ló fún un. Ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé èyí kò sí nínú ìwé. Kò parọ́. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá Múní mú ọmọ rẹ̀ dání, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun gbọ́ pé ìtàn kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá ọmọ òun, kí Múní sọ ọ́ kí òun náà gbọ́. Múní sọ ọ́. Nígbà tó dé apá kẹta, mo di ara mi mú. Ó sọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́, ìyá wà nílùú àwọn òbí rẹ̀, ẹja yíyan ń wá sílé.

Bàbá ṣí fìlà, ó fi nu ojú. Ó béèrè pé, "Ṣé ó máa padà wá?"

Múní ní ìwé náà parí kí wọ́n tó débẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, ẹni tí kò bá sì gbà, kó má gbà: ẹni tí kò kàwé kò lè mọ ibi tó yẹ kí òun ti yí i padà. Àwọn kan ṣì ń sọ pé mo ba ìwé jẹ́, mo sì kọ́ ọmọ láyà líle. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ìwé tó wà lódindi tí ọmọ ò rí kà, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà tiyín, ta ló sọ ìwé tí ẹ ò rí rà fún yín? Kí ni iṣẹ́ holidé fi ojú yín rí? Ẹ bọ́ síbí, ẹ wá sọ ọ́. Bí ibì kan bá sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò lè fi ẹnu yín sọ, ẹ fò ó. A máa mọ̀ pé ẹ kà á.